Ìwé Pélébé Ẹnu Ọ̀nà

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí ọ̀rọ̀ kan ti ń gún mi bí ẹ̀gún tó há sínú bàtà. Ìpàdé ẹ̀ka la ṣe lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ owó ló sì wà nílẹ̀. Owó táṣẹ́rẹ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìrìn-àjò àpérò kò tó ẹni méjì, àwa mẹ́jọ la sì kọ̀wé béèrè. Ẹ̀gbọ́n kan láàárín wa, olùkọ́ tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi, ti awò ojú rẹ̀ sókè, ó ní: "Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Kí lẹ ń lọ ṣe níbẹ̀? Pépà tí wọ́n fẹ́ kà fún yín, ṣebí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Ẹ fẹ́ gba báàgì, ẹ fẹ́ gba bírò, ẹ fẹ́ jẹ ìrẹsì, kẹ́ ẹ sì gbé fọ́tò sórí Facebook. Ẹ jẹ́ ká fi owó yẹn ra kẹ́míkà."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ọ̀hún kò bá mi délé. Ẹni tó bá ti dúró nínú láàbù tí kò ní ásíìdì fún oṣù mẹ́ta mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n kì í ṣe àwàdà lásán. Mo wá èsì tí mo lè fún un, mi ò rí. Gbogbo wa la máa ń sọ pé àpérò dára, bí ìgbà téèyàn ń sọ pé ẹ̀fọ́ dára fún ara. Kí ló ń ṣe gan-an tí ìwé kíkà nínú yàrá ẹni kò lè ṣe? Ibẹ̀ ni mo há sí.

## Orí ìlà ìrẹsì

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tèmi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ sí àpérò kan nínú hòtẹ́ẹ̀lì tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń pariwo ju máìkì lọ. Ọdún mẹ́ta ni mo ti fi ń wọn òjé inú omi kànga ní àdúgbò mẹ́rin, mo sì rò pé ayé ń dúró dè mí. Wọ́n fi pépà mi sí ọ̀sán ọjọ́ tó kẹ́yìn, ìgbà tí àwọn èèyàn ti ń béèrè ọ̀nà gáréèjì. Ẹni márùn-ún ló wà nínú yàrá: alága, akọ̀wé rẹ̀, ẹni méjì tí tiwọn kù lẹ́yìn tèmi, àti bàbá kan tó ń sùn. Ìṣẹ́jú méje ni wọ́n fún mi. Nígbà tí mo parí, alága béèrè bóyá ìbéèrè wà. Kò sí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ bí ẹni ń pa ẹ̀fọn.

Ká ní ibẹ̀ ni mo ti kọrí sílé, ẹ̀gbọ́n ì bá jàre pátápátá. Ṣùgbọ́n ebi ń pa mí. Mo tò sórí ìlà oúnjẹ. Ìyá kan ló wà níwájú mi, á ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó wo káàdì tí mo gbé kọ́rùn, ó ní: "Ṣé ìwọ lò ń ṣiṣẹ́ lórí omi kànga yẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní: "Irú ìgò wo lo fi ń bu omi? Blank tó ò ń gbé lọ síbi kànga ńkọ́?"

Fún ẹni tí kò wọ láàbù rí, omi tó mọ́ tónítóní là ń pè ní blank. O máa rọ ọ́ sínú irú ìgò kan náà, wàá gbé e dé ibi kànga, wàá ṣí i níbẹ̀, wàá dé e padà, wàá sì wọ̀n ọ́n pẹ̀lú àwọn yòókù. Bí o bá bá òjé nínú rẹ̀, a jẹ́ pé ìgò rẹ tàbí ọwọ́ rẹ lòjé wà, kì í ṣe kànga onílé. Èmi ń ṣe blank ti inú láàbù. Èyí tó yẹ kó máa bá mi lọ síbi kànga, mi ò ṣe é. Nínú gbogbo pépà tí mo ti kà, gbólóhùn kan péré ni wọ́n fi ń dárúkọ rẹ̀, ojú mi sì ti fò ó kọjá láìmọye ìgbà.

Ìyá náà kò bá mi wí. Bó ṣe ń bu ìrẹsì ló ń sọ ọ́ fún mi pé òun náà fi ọdún méjì ṣòfò nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́, pé ìdérí ìgò ló da iṣẹ́ òun rú. "Lọ yẹ ìdérí rẹ wò," ló wí. Ó mú dòdò méjì lé e, ó lọ jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mi ò tún rí i bá sọ̀rọ̀ mọ́.

Mo délé, mo yẹ ìdérí wò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì òjé tí mo ti ń kéde kiri tó jẹ́ pé inú ìdérí ló ti wá. Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Òótọ́ ni, àmọ́ àwọn ará yòókù ní láti gbọ́ pé ẹnì kan jìn, kí wọ́n sì mọ ibi tí kòtò wà. Ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì kì í tẹ kòtò jáde. Ọ̀nà tó já gaara nìkan ló ń tẹ̀.

Mo rò pé ìtàn yìí tó láti fi dá ẹ̀gbọ́n lóhùn. Nígbà tí mo tún un rò, mo rí i pé kò tó. Pé èmi nìkan rí ìrànlọ́wọ́ lórí ìlà oúnjẹ, oríire tèmi nìyẹn. Kò fi hàn pé àpérò lè yí odidi ìmọ̀ kan padà.

## Ọjà tí kóńgò rẹ̀ kò dọ́gba

Ọdọọdún ni mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní ní tábìlì àwọn ẹ́límẹ́ǹtì, ìyẹn àwọn èròjà ìpìlẹ̀ bíi háídrójìn àti ọ́síjìn. Gbólóhùn kan ni mo fi ń kọjá níbẹ̀: Dmitri Mendeleev, ará Rọ́ṣíà, ọdún 1869. Lọ́sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìpàdé wa, mo tún ń múra kíláàsì náà sílẹ̀, ni mo bá bi ara mi léèrè: ibo ni ọkùnrin yìí ti rí ìwọ̀n átọ́ọ̀mù tó lò, ìyẹn bí ẹyọ tó kéré jù nínú ẹ́límẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó? Ìwọ̀n ló fi to tábìlì ọ̀hún. Ẹni tó fẹ́ to ọmọ ilé-ìwé láti orí ẹni tó kúrú jù dé orí ẹni tó ga jù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ga tó. Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé Karlsruhe, ìlú kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Jámánì, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1860.

Láyé ìgbà yẹn, kẹ́mísírì dà bí ọjà tí oníkálukú gbé kóńgò tirẹ̀ wá. Ẹni tó bá ti ra ẹ̀wà lọ́jà méjì mọ ohun tí mò ń wí. Kóńgò ni wọ́n ń pè é níbi méjèèjì, ṣùgbọ́n wọ́n ti lu ìdí ọ̀kan wọnú, wọ́n sì ti fẹ etí èkejì sóde. Iye kan náà lẹ san, ẹ̀wà tẹ́ ẹ gbé relé kò dọ́gba.

Gbogbo èèyàn gbà pé gíráàmù kan háídrójìn ló ń bá gíráàmù mẹ́jọ ọ́síjìn lọ nínú omi. Kò sí ìjà níbẹ̀, òṣùwọ̀n kò parọ́. Orí iye átọ́ọ̀mù ni ìjà wà. Bó bá jẹ́ ọ̀kan sí ọ̀kan, HO ni omi, ìwọ̀n átọ́ọ̀mù ọ́síjìn á sì jẹ́ 8. Bó bá jẹ́ háídrójìn méjì sí ọ́síjìn kan, omi di H₂O, ọ́síjìn di 16. Àwọn kan ń lo 8, àwọn kan ń lo 16. Lórí kábọ̀n, àwọn kan ń pe 6, àwọn kan ń pe 12. Ẹ wá wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí nǹkan tí kábọ̀n, háídrójìn àti ọ́síjìn bá jọ wà nínú rẹ̀. Nínú ìwé tí August Kekulé tẹ̀ jáde ní 1861, ó to fọ́múlà 19 sílẹ̀ tí àwọn èèyàn ti dá lábàá fún ásíìdì tó ń mú fínígà kan. Ásíìdì kan ṣoṣo, orúkọ mọ́kàndínlógún! Àbíkú kì í jẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ìdáhùn ti wà nílẹ̀. Láti 1811 ni Amedeo Avogadro, ará Turin ní Ítálì, ti sọ pé bí gáàsì méjì bá gba àyè kan náà, tí ooru wọn àti agbára tó ń tẹ̀ wọ́n bá dọ́gba, iye mólékù wọn náà á dọ́gba. Átọ́ọ̀mù tó so pọ̀ là ń pè ní mólékù. Ẹni tó bá gbé irú gáàsì méjì bẹ́ẹ̀ sórí òṣùwọ̀n á mọ bí mólékù ọ̀kan ṣe wúwo tó sí ti èkejì. Ìwọ̀nba èèyàn ló kà á sí. Ó kú ní 1856. Ní 1858, ọmọ Ítálì mìíràn, Stanislao Cannizzaro, tó ń kọ́ni ní Genoa, gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dìde. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń là á yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní Nuovo Cimento.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n: ṣebí pépà náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Íntánẹ́ẹ̀tì ti ìgbà yẹn ni ìwé ìròyìn. Pépà Cannizzaro wà lóde fún ọdún méjì gbáko. Ewé kan kò mì.

## Ọjọ́ mẹ́ta tí wọn kò fẹnu kò

Kekulé kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó ń kọ́ni ní Ghent ní Bẹ́ljíọ̀mù, nígbà tó mú un wá pé kí gbogbo onímọ̀ kẹ́mísírì Yúróòpù jókòó papọ̀ kí wọ́n tún kóńgò ṣe. Karl Weltzien tó wà ní Karlsruhe àti Adolphe Wurtz tó wà ní Paris bá a kọ̀wé ránṣẹ́ kiri. Bí ogóje èèyàn ló wá. Gbọ̀ngàn tí àwọn aṣòfin Baden ti ń jókòó ni wọ́n lò, láti ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án. Kó tó dìgbà náà, kò tíì sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ tó kó àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì láti oríṣìíríṣìí orílẹ̀-èdè jọ.

Wurtz kọ ìròyìn ìpàdé náà. Mo kà á, mo ń retí ibi tí iná ti máa jó. Kò jó. Wọ́n yan ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ jókòó, ìgbìmọ̀ padà wá jábọ̀. Wọ́n jiyàn lórí ìyàtọ̀ átọ́ọ̀mù àti mólékù títí ó fi sú mi, èmi tí mò ń fi ìyàtọ̀ yẹn jẹun. Lọ́jọ́ kẹta, Jean-Baptiste Dumas, àgbà ọ̀jẹ̀ láti Faransé, ló wà lórí àga alága. Cannizzaro dìde, ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó gbèjà Avogadro. Àwọn kan gbà, àwọn kan kò gbà, àwọn mìíràn sì ní a kì í fi ìbò yanjú ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì. Wọ́n túká láìfẹnu kò sórí ìwọ̀n tí gbogbo ayé á máa lò. Ká ní ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀, ì bá ní: "Ẹ ò rí i? Owó ọkọ̀ ojú irin yẹn ì bá ti ra kẹ́míkà."

Ìgbà tí wọ́n ń jáde lọ ni ọ̀rẹ́ Cannizzaro kan, Angelo Pavesi láti Pavia, fa ìdì ìwé pélébé yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í há a fún àwọn tó ń kọjá. Pépà ọdún 1858 yẹn náà ni, bó ṣe wà ló wà. Lothar Meyer, olùkọ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún láti Breslau, gba ọ̀kan, ó fi í sínú àpò.

Nígbà tó yá, ó fà á yọ, ó kà á. Ó tún un kà. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ló ròyìn bó ṣe rí lára rẹ̀: ó ní ńṣe ló dà bí ẹni pé ìpẹ́ bọ́ kúrò lójú òun, iyèméjì pòórá, ọkàn òun sì balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Mo gbé ìwé sílẹ̀ níbí yìí, mo jáde lọ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. NEPA ti múná lọ, àdúgbò dákẹ́, mo sì ń ro àpò kóòtù ọkùnrin yẹn. Ìwé tí Pavesi há lẹ́nu ọ̀nà kò yàtọ̀ sí èyí tó ti wà nílẹ̀ láti ọdún méjì. Ojú tó kà á ló yàtọ̀. Ní 1858, ìdáhùn ni ìwé náà jẹ́ fún ẹni tí kò béèrè nǹkan kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ní 1860, Meyer ti fi ọjọ́ mẹ́ta gbọ́ bí àwọn àgbà inú iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń ta kora wọn lórí ohun tí ọmọ ọwọ́ ń mu lójoojúmọ́. Ó ti rí Cannizzaro sójú, ó ti gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe le. Ó ti rí i pé kì í ṣe òun nìkan ni nǹkan rú lójú. Ebi ti pa á dójú ikùn kí ẹnikẹ́ni tó gbé àwo wá. Pépà wà níbi gbogbo nígbà náà, ó sì wà níbi gbogbo nísinsìnyí. Ebi pépà ni kì í sí.

Èmi náà nìyẹn lórí ìlà ìrẹsì. Gbólóhùn nípa blank ti wà nínú ìwé tí mo ń kà láti ọdún tó ti pẹ́. Ẹnu ìyá yẹn ló sọ ọ́ di ìbéèrè.

Mendeleev náà wà nínú gbọ̀ngàn yẹn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Heidelberg nítòsí. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti kọ lẹ́tà gígùn sí olùkọ́ rẹ̀ Voskresensky ní St. Petersburg, ó ròyìn gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ nígbẹ̀yìn pé ìpàdé Karlsruhe ni ìlẹ̀kùn tí èrò òun lórí tábìlì náà gbà wọlé. Meyer tẹ ìwé tirẹ̀ jáde ní 1864, ìlànà Cannizzaro ló fi kọ ọ́, ó sì to àwọn ẹ́límẹ́ǹtì kan sínú rẹ̀ ní ìlà ìlà. Mendeleev gbé tirẹ̀ jáde ní 1869, ó fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ẹ́límẹ́ǹtì tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí. Wọ́n rí gallium ní 1875, ó sì bọ́ sínú àyè tó ti fi sílẹ̀ dè é. Ní 1882, àwọn méjèèjì jọ gba àmì-ẹ̀yẹ Davy ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni méjì tó jáde láti inú gbọ̀ngàn kan náà ni wọ́n.

Àwọn àgbà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn kò yára. Ní Faransé, Marcellin Berthelot, ẹni ńlá nínú iṣẹ́ náà, di ìwọ̀n àtijọ́ mú fún bí ọgbọ̀n ọdún sí i. A máa ń sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ní Karlsruhe, àwọn àgbà ló ni àga, àwọn náà ló ni àsọyé. Àwọn ọmọdé tó jókòó sẹ́yìn ló gbé ìmọ̀ náà lọ síbi tó dé. Èyí ló fà á tí mo fi ń bínú bí wọ́n bá fi owó àpérò rán ọ̀gá nìkan. Mo mọ̀ pé ọ̀gá ló ń fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, ẹ má bínú.

## Ojú ọ̀run àti físà

Bó bá jẹ́ pé ẹni tó wà nínú yàrá ló ń gbé ìmọ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ẹni tí wọn kò jẹ́ kó wọlé di ọ̀rọ̀ ńlá. Ìmọ̀ ẹ̀rọ tó ń kọ́ ọgbọ́n, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní AI, ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, torí pé wọ́n ń fi àpérò ṣe ọjà ju ọ̀pọ̀ ìmọ̀ mìíràn lọ. Nínú iṣẹ́ wọn, àpérò ni wọ́n ti ń tẹ pépà tó lórúkọ jáde, kì í ṣe inú ìwé ìròyìn. Ẹni tí kò sí níbẹ̀, bí ẹni tí kò sí láyé ni.

Ní 2016, èyí tó tóbi jù nínú àwọn àpérò náà, tí à ń pè ní NeurIPS báyìí, wáyé ní Barcelona. Nínú gbogbo pépà tí wọ́n gbà, kò sí ọ̀kan tí ẹni tó kọ ọ́ ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kankan nílẹ̀ Áfíríkà. Ibẹ̀ ni Timnit Gebru, ọmọ Ethiopia tó ń ṣèwádìí ní Amẹ́ríkà, ti ń ka àwọn aláwọ̀ dúdú tó rí, ọwọ́ méjèèjì kò sì kún. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Black in AI sílẹ̀. Ní 2017, àwọn ọmọ Áfíríkà kan pe àpérò AI tiwọn, Deep Learning Indaba, jọ ní fásitì Wits ní Johannesburg, kí ìlà ìrẹsì lè wà nílé tiwa náà.

Ní 2018, NeurIPS kọjá sí Montreal. Wọ́n gba pépà àwọn ọmọ Áfíríkà, wọ́n tiẹ̀ fún àwọn kan lówó ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò rí físà Kánádà gbà. Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra, àmọ́ ẹyẹ kì í tò síwájú ẹ́ńbásì. Inú bí àwọn èèyàn débi pé àpérò mìíràn tó lórúkọ, ICLR, kéde pé Addis Ababa ni àwọn máa lọ ní 2020. Kòrónà dé, wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọdún 2023 ni ICLR tó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Áfíríkà, ní Kigali.

Kí wá ni ìyàtọ̀ tó dé bá ìmọ̀ fúnra rẹ̀? Láàárín àwọn èèyàn tí Indaba kó jọ ni ẹgbẹ́ olùwádìí kan tó ń jẹ́ Masakhane ti rú jáde. Ní èdè Súlù, orúkọ náà túmọ̀ sí pé ká jọ kọ́ ọ. Àwọn èdè Áfíríkà ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ní 2021, wọ́n gbé àkójọ kan jáde tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá orúkọ èèyàn, orúkọ ìlú àti orúkọ ẹgbẹ́ mọ̀ nínú èdè mẹ́wàá, Yorùbá sì wà lára wọn. Ṣé ẹnì kan ní Barcelona kò lè ronú kan èyí? Ó lè ronú kàn án. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Ẹni tí kò rí ọ̀rọ̀ tí àìsí àmì ohùn sọ dìdàkudà rí, ọkàn rẹ̀ kò lè lọ síbẹ̀.

Mo gbọ́ ẹni tó ń sọ pé Zoom ti yanjú gbogbo èyí. Zoom ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ lọ́dún kòrónà, mi ò ní ṣe aláìmoore: kò béèrè físà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ti lọ sí àpérò orí Zoom mẹ́rin, mo gbọ́ gbogbo àsọyé, kò sì sí ìyá kankan tó bi mí nípa ìdérí ìgò.

## Yàrá méjì, ẹnu kan

Kó má lọ dà bí ẹni pé ire nìkan ni àpérò ń bí. Ohun tí ẹni díẹ̀ bá fẹnu kò lé lórí lọ́jọ́ méjì lè di ẹrù lọ́rùn ọmọ tí wọn kò tíì bí. Àkọtọ́ èdè tí ẹ ń kà yìí jẹ́rìí sí i. Ní 1875, àwọn míṣọ́nnárì CMS pàdé l'Ékòó lórí bó ṣe yẹ kí á máa kọ Yorùbá. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ni àgbà wọn. Kó tó dìgbà náà, bó ṣe wu oníwèé ló ń kọ ọ́. Ìlànà tí wọ́n gbé kalẹ̀ lọ́jọ́ náà ni ìwé ẹ̀sìn àti ìwé ilé-ẹ̀kọ́ tẹ̀ lé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun rere ni. Láìsí i, bóyá ni Bíbélì ìyá mi ì bá jọ ti ìyá ẹlòmíràn. Àmọ́ "aiye" àti "enia" bá wa dọ́dún gbọọrọ, títí ìgbìmọ̀ tí wọ́n yàn ní 1966 fi gbé àbọ̀ rẹ̀ wá ní 1969, tí ìjọba sì fọwọ́ sí ìlànà tuntun ní 1974. Bàbá tó kọ́ mi ní ìwé kíkà kọ "aiye" wọ sàréè.

Ní 1975, ìgbìmọ̀ mìíràn jókòó ní orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n yan ɛ àti ɔ, níbi tí àwa ti ń kọ ẹ àti ọ, fún àwọn èdè ibẹ̀, Yorùbá pẹ̀lú. Nítorí náà, ọmọ Kétu ní Benin àti ọmọ Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà, tí bàbá ńlá wọn lè jẹ́ ọ̀kan, tí wọ́n ń ná ọjà kan náà, kọ́ ọ̀nà méjì láti kọ ọ̀rọ̀ kan tí ẹnu wọn ń pè bákan náà. Ọdún kan péré ló wà láàárín ìpinnu méjèèjì. Mo máa ń bi ara mi léèrè pé ká ní ẹni méjì péré láti inú yàrá kan ti lọ jẹun nínú yàrá kejì ńkọ́?

## Ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ

Mo bá ẹ̀gbọ́n níbi tó ń páàkì mọ́tò lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ro ẹjọ́ mi fún un látorí Karlsruhe dé orí ìdérí ìgò. Ó fara balẹ̀ gbọ́, kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Lẹ́yìn náà ló wá ní: "Mo gbà. Ṣùgbọ́n àpérò wo lẹ ń sọ nípa rẹ̀? Èyí tó fi ímeèlì ránṣẹ́ sí mi lánàá, tó ní kí n wá ṣe àsọyé pàtàkì lórí iṣẹ́ abẹ eyín, èmi onímọ̀ kẹ́mísírì?"

Mi ò lè bá a jiyàn lórí ìyẹn. Wọ́n pọ̀ bí eéṣú: owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, sàtífíkéètì lọ́wọ́ òsì, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kejì rẹ̀. Àwa náà la sì ń bọ́ wọn, torí pé sàtífíkéètì yẹn wà lára ohun tí wọ́n ń kà fún ìgbéga. Ẹni tó bá fẹ́ dé ipò kò lójú àtibéèrè bóyá ìlà ìrẹsì wà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́tò. Ó ní: "Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má rán ara yín. Ẹ rán ọmọ yẹn."

Akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ń ṣe másítà ló ní lọ́kàn, ọmọbìnrin tó gba iṣẹ́ kànga lọ́wọ́ mi, tó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, tó ń gbé blank lọ síbi gbogbo bí ẹni gbé ọmọ pọ̀n. Àpérò kan ń bọ̀ n'Íbàdàn lóṣù tó ń bọ̀. Àwọn tó kọ̀wé béèrè owó, tèmi náà wà níbẹ̀, fà á sẹ́yìn fún un. Mi ò ní purọ́, ẹni méjì kùn.

Lánàá ló wá sí ọ́fíìsì mi pẹ̀lú àwòrán tó fẹ́ fi hàn lórí pátákó. Mo ní kó lọ tẹ tábìlì blank rẹ̀ sórí ìwé ojú kan, ẹ̀dà ọgbọ̀n, títí kan àwọn ìgò tó bàjẹ́ àti ìdí tí wọ́n fi bàjẹ́.

Ó ní, "Sà, èyí tó bàjẹ́ náà?"

Mo ní èyí tó bàjẹ́ gan-an ni.

"Ibo ni kí n ti máa pín in, sà? Inú gbọ̀ngàn?"

Mo ní kó wá ibi tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ, kó dúró síbẹ̀.